Alárenà àti Ọmọ Gíga: Bí Àwọn Yunifásítì Amẹ́ríkà Ṣe Ń Wá Agbábọ́ọ̀lù Àjùsáwọ̀n ní Ilẹ̀ Wa láti Ọdún 1980

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú pépà yìí ni ọ̀nà tí àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń gbà wá àwọn ọ̀dọ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n í gbá, pàápàá láti Èkó àti agbègbè rẹ̀, àti bí ọ̀nà náà ti ń yí padà. Ó lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé irú kókó bẹ́ẹ̀ ni a gbé wá síwájú ìpàdé yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ ogun Kírìjì àti ti owó-orí ṣì wà nílẹ̀. Èsì wa ni pé ìtàn ìrìn-àjò àwọn ọmọ wa lọ sí òkè-òkun kò lè pé bí a kò bá ka àwọn tí wọ́n tìtorí gíga wọn mú lọ mọ́ ọn.

Àwọn tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí kókó yìí a máa sọ ọ́ bí ẹni pé oríire lásán ni: ọmọ kan ga, òyìnbó kan rí i, ọmọ náà sì di olówó. A kò sẹ́ pé ọwọ́ orí wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni èyí: ta ni ó jẹ́rìí ọmọ náà fún ẹni tí ń wá a, ta ni ó sì ru ewu ìrìn-àjò náà? Èsì ìbéèrè yìí ni ó ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà.

Kì í ṣe àwọn alájùsáwọ̀n ni ó kọ́kọ́ la ọ̀nà. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni. Howard University, ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, gba ife-ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ní 1971 pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà àti ti erékùṣù Caribbean. NCAA, ẹgbẹ́ tí ń ṣe àkóso eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì, sì gba ife náà padà lọ́wọ́ wọn. Howard gbé NCAA lọ sí ilé-ẹjọ́, ilé-ẹjọ́ sì fagi lé òfin kan tí ó ń dín àǹfààní akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè kù. Ní 1974 Howard tún gba ife náà. Ní 1984 ó kan Clemson ní South Carolina, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ayò là ni àwọn ọlọ́wọ́ gígùn gbà kọjá.

Hakeem Ọlájuwọ́n

A bí Ọlájuwọ́n ní Èkó ní ọjọ́ 21 oṣù January ọdún 1963. Muslim Teachers College ní Èkó ni ó ti ń kàwé. Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, níbi tí ó ti ń ṣọ́ ilé, àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó mọ̀ títí ó fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 15. Láàárín ọdún díẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ àjùsáwọ̀n, ó ti wà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí ó lọ díje ní Àǹgólà ní 1980. Ibẹ̀ ni Christopher Pond, ọmọ Amẹ́ríkà tí ń kọ́ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Central African Republic, ti rí i. Pond mọ Guy Lewis, akọ́nimọ̀ọ́gbá Yunifásítì Houston. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìwádìí tí ó wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun tí Houston kò ṣe. Wọn kò rán ẹnikẹ́ni wá sí Èkó. Wọn kò fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ̀ ọ́ kí ó tó dé. Kí ó wá kí àwọn fojú rí i ni wọ́n wí. Nígbà tí ó balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Houston ní ọdún 1980 náà, kò sí ẹni tí ó wá pàdé rẹ̀. Ó tẹ̀ wọ́n láago, wọ́n ní kí ó wọ takisí máa bọ̀. Ìtàn takisí yìí ni àwọn oníròyìn fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín láti ọjọ́ náà wá. Lójú tiwa, ẹ̀rí ìtàn gidi ni. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ná kọ́bọ̀ kò ní ohun tí yóò pàdánù bí ọmọ náà kò bá wúlò. Ọ̀dọ̀ ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀, tí ń ṣòwò sìmẹ́ńtì, ni gbogbo ewu náà wà.

Àbọ̀ ìrìn-àjò náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọlájuwọ́n jókòó fún sáà kan kí ó tó lè gbá bọ́ọ̀lù, lẹ́yìn náà Houston dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 1982, 1983 àti 1984. Ní àṣekágbá 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 borí wọn, síbẹ̀ Ọlájuwọ́n ni a mú ní agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù. Ní 1984 Houston Rockets mú un ṣáájú gbogbo ènìyàn, Michael Jordan sì ṣe ẹ̀kẹta. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n mú Yommy Ṣàngódèyí, ọmọ Nàìjíríà mìíràn, láti Sam Houston State ní Texas kan náà. Lẹ́yìn èyí, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó tún lè sọ pé òun kò mọ ibi tí Èkó wà.

Ìgbà àwọn alárenà

Àwa ọmọ etí ọ̀sà, láti Àgbówà dé Ẹ̀pẹ́, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ alárenà rú wa lójú. Ní ọjà Èjìnrìn, tí kò jìnnà sí Àgbówà, ni àwọn oníṣòwò Èkó ti ń pàdé àwọn Ìjẹ̀bú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí ará Èkó gba ilẹ̀ wọn kọjá lọ sí òkè. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹrù òkè, ọwọ́ wọn ni yóò ti rà á. Ìbọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó já ọ̀nà náà ní 1892. Agbára alárenà kò sí nínú pé ó ní ẹrù, bí kò ṣe pé òun nìkan ni ó mọ ẹni tí ó ní in àti ẹni tí ó ń wá a. A kò sọ pé ọmọ ènìyàn àti epo pupa jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá dúró sí àárín ni ó ń gé owó.

Láti nǹkan bí 1990 ni ipò àárín yìí ti ń lágbára sí i nínú bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n. Yínká Dáre, tí a bí ní Kano ní 1972, kò lọ tààrà sí yunifásítì. Ó kọ́kọ́ dé Milford Academy ní Connecticut kí ó tó wọ George Washington University ní 1992. Ní 1993 ẹgbẹ́ náà wà lára àwọn 16 tó kù nínú ìdíje. Ní 1994 New Jersey Nets mú un ní ipò kẹrìnlá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ àti Ọlájuwọ́n ni ilé-ẹ̀kọ́ àárín yẹn. Yunifásítì kò tún ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ mọ́, nítorí ọmọ náà ti wà nítòsí, ẹlòmíràn ni ó sì ti san owó oúnjẹ àti ti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Dáre kú ní 2004, kò tíì pé ọmọ ọdún 32.

Àpẹẹrẹ Michael Olówókàńdí yí ọ̀rọ̀ náà sódì. Èkó ni a ti bí i ní 1975, Lọ́ńdọ́nù ni ó gbé dàgbà, Brunel University ni ó sì ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ. Ní 1995 ó ṣí ìwé atọ́nà àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ojú-ewé tí ọwọ́ rẹ̀ bà ni University of the Pacific ní California, ó sì tẹ̀ wọ́n láago fúnra rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn èyí, òun ni Los Angeles Clippers mú ṣáájú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ń fi èyí hàn pé a kò nílò alárenà. A kò gbà. Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù, tí ó ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ nílé tí ó sì ń gbọ́ èdè wọn dáadáa, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọmọ tí ó wà ní Àgbówà lọ́dún yẹn.

Ní 2003 ni Basketball Without Borders kọ́kọ́ dé Áfíríkà, ní Johannesburg. Ọdún náà ni Masai Ujiri, tí ó dàgbà ní Zaria, dá Giants of Africa sílẹ̀. Láti ìgbà yìí, ojúde ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ti ń rí ọmọ 50 pa pọ̀, tí a ti wọn gíga wọn, tí a sì ti kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin, Mobọ́lájí Akíòdé, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún Fordham àti fún Nàìjíríà, dá Hope 4 Girls sílẹ̀ nítorí pé gbogbo ètò tí ó ti wà ṣáájú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ọkùnrin nìkan.

Bí ọ̀nà ti ń gbòòrò ni ọjọ́ orí àwọn tí a ń mú lọ ń rẹlẹ̀. Charles Bassey, ọmọ Èkó, ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní San Antonio ní Texas kí ó tó wọ Western Kentucky ní 2018. Ọmọdé tí a mú lọ bẹ́ẹ̀ nílò alágbàtọ́, ẹni tí yóò bu ọwọ́ lùwé dípò òbí, kì í sì í ṣe gbogbo alágbàtọ́ ni ó jẹ́ ẹni ire. Ẹnì kan tí ó ni ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Charlotte jẹ́wọ́ níwájú ilé-ẹjọ́ pé òun ń gbowó láti fi orúkọ ọmọ òkèèrè sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ náà; nǹkan bí 75 ni àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ibòmíràn ni wọ́n sì ń gbé. Níbí ni a ti rí i kedere pé òbí tí ó wà nílé ti jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà pátápátá. Bàbá Ọlájuwọ́n mọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ òun ń lọ. Bàbá àwọn ọmọ wọ̀nyí lè má mọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó dé kẹ́yìn. Láti July 2021 ni NCAA ti gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti fi orúkọ àti àwòrán rẹ̀ pa owó, láti ọdún yẹn náà ni agbábọ́ọ̀lù sì ti lè kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn láìjókòó fún sáà kan. Ní June 2025 adájọ́ fọwọ́ sí i pé kí yunifásítì máa san owó fún wọn tààrà, tí kò ní ju $20.5 mílíọ̀nù lọ́dún àkọ́kọ́ fún gbogbo eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kan. Akọ́nimọ̀ọ́gbá kò tún fẹ́ ra ẹyin kó máa retí òròmọdìyẹ. Àgbà agbábọ́ọ̀lù tí ó ti gbóná ni ó ń wá. Ìdí nìyí tí Baylor fi gba James Nnaji ní December 2025, ọmọ Nàìjíríà tí ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Barcelona, tí ẹgbẹ́ aláfowóṣe sì ti mú ní 2023. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ òkèèrè tí ó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ owó bó ṣe wù ú ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyí tí Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tí ń gbá bọ́ọ̀lù fún Kentucky, fi dúró di ìgbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Bahamas ní 2022 kí ó tó ṣe iṣẹ́ ìpolówó rẹ̀.

Nínú oṣù tí Baylor gba Nnaji ni Ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àṣẹ tí ó fi Nàìjíríà kún àwọn orílẹ̀-èdè tí a dín ìwọ̀lú wọn kù. Àṣẹ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù January 2026, físà akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára ohun tí ó kàn.