Bàbá ni ọ̀gá, ọmọ ni igbákejì: ìtàn póíǹtì 25 ní Iowa

1/ Ẹ̀yin tèmi, ẹ wá gbọ́ ìtàn kan. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn pé ikọ̀ náà gbọ́dọ̀ kó póíǹtì 25 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan, tá a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ tá a sì pín in. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdéhùn parí. Ta wá ni akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà ibẹ̀? Bàbá tó bí i lọ́mọ ni. Ó ya, thread rèé 🧵

2/ Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ là á yé àwọn tí kò mọ eré yìí. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù tiwa tá a ń fẹsẹ̀ gbá o. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ àyà sáré. Èèyàn 11 ló máa ń kọlù, èèyàn 11 mìíràn ló máa ń dílé mú, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ara wọn. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kò lè dá gbogbo ẹ̀ ṣe. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fi ní olórí tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní coordinator.

3/ Tí akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà bá jẹ́ ọba, àwọn coordinator ni ìjòyè. Olórí ìkọlù ló sábà máa ń yan ohun tí ikọ̀ máa ṣe nígbàkigbà tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ wọn. Tó bá yọrí sí rere, agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n á yìn. Tí kò bá yọrí, orúkọ ìjòyè yẹn ni gbogbo èrò máa ń kọ́kọ́ pè.

4/ Yunifásítì Iowa la ń sọ. Hawkeyes ni wọ́n ń pe ikọ̀ wọn. Pápá ìṣeré Kinnick tí wọ́n ń lò gba èèyàn bíi 69,000. Ìpínlẹ̀ Iowa kò ní ikọ̀ kankan nínú NFL, nítorí náà bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yunifásítì lọ jẹ wọ́n lógún jù. Ní ọjọ́ Sátidé, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn.

5/ Àwọn ará Iowa sì mọ iyì igbákejì dáadáa. Hayden Fry ló kọ́ ikọ̀ náà láti 1979 dé 1998. Ẹ wo àwọn tó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀ ní àwọn ọdún 1980: Bill Snyder, tó lọ gbé Kansas State dìde. Barry Alvarez, tó sọ Wisconsin di ikọ̀ tí ẹ̀rù ẹ̀ ń bani. Bob Stoops, tó gba ife ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fún Oklahoma ní sáà 2000. Àti Kirk Ferentz.

6/ Kirk ni wọ́n fi rọ́pò Fry. Sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1999, ìdíje 1 ló borí, 10 ló pàdánù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó borí 3, ó pàdánù 9. Tó bá jẹ́ ayé ìsinsìnyí ni, wọ́n á ti lé e. Àmọ́ wọ́n ní sùúrù. Ní 2002, ó borí 11, ó pàdánù 2 péré. Kirk kò gbàgbé ẹ̀kọ́ yẹn: kì í tètè lé èèyàn.

7/ Ẹ wo bó ṣe le tó. Láti 1999 dé 2023, sáà 25 gbáko, olórí ìkọlù mẹ́ta péré ló lò. Olórí àwọn adílémú, méjì péré: Norm Parker, lẹ́yìn náà Phil Parker. Wọn kì í ṣe ẹbí o, orúkọ ló jọra. Níbòmíràn, sáà méjì tàbí mẹ́ta ti tó láti pààrọ̀ gbogbo wọn.

8/ Olórí ìkọlù kẹta yẹn ni wàhálà wà. Brian Ferentz, ọmọ Kirk. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Iowa fúnra rẹ̀, ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú New England Patriots, ó padà wálé ní 2012, ó sì di olórí ìkọlù ní 2017. Òfin kò gbà kí bàbá jẹ́ ọ̀gá ọmọ rẹ̀ tààrà, nítorí náà lórí ìwé, ọ̀gá àgbà eré ìdárayá, Gary Barta, ni Brian ń jábọ̀ fún. Lórí ìwé nìyẹn o. Ní orí pápá ńkọ́?

9/ Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Àmọ́ tí ìlẹ̀kẹ̀ náà bá já lójú ọjà, gbogbo ayé ló máa bá ẹ ṣà á, wọ́n á sì máa kà á sókè bí wọ́n ṣe ń ṣà á.

10/ Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án 2022. Iowa gba South Dakota State lálejò, wọ́n borí 7 sí 3. Ẹ máa rò pé touchdown kan ni. Rárá! Field goal kan, póíǹtì 3. Safety méjì, póíǹtì 2-2. Safety yẹn, àwọn adílémú ló máa ń mú un wá, nígbà tí wọ́n bá ká alátakò mọ́ ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn adílémú kó póíǹtì ju àwọn tó ń kọlù lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí 😭

11/ Wọ́n parí sáà yẹn pẹ̀lú póíǹtì bíi 17.7 nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Àríyànjiyàn wá bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní: ẹ lé Brian, tí kì í bá ṣe ọmọ bàbá ẹ̀ ni, ṣé á ṣì wà níbẹ̀? Àwọn kan ní: ẹ rọra, ìdíje 8 la borí, báyìí ni Kirk ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù látayébáyé. Àwọn kẹta ní: ẹ fi ọmọ sílẹ̀, bàbá ni kẹ́ ẹ bi, ṣebí ètò tiẹ̀ ni ọmọ ń tẹ̀ lé.

12/ Ibẹ̀ ni ìwé àdéhùn tuntun ti wọlé. Wọ́n gé owó oṣù Brian, ó di $850,000 lọ́dún, ó dín ní $50,000. Póíǹtì 25, ó kéré tán ìdíje 7 ni kí wọ́n borí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdéhùn parí ní ìparí oṣù Kẹfà 2024. Àwọn olólùfẹ́ ikọ̀ gbé kalikulétọ̀: 25 lọ́nà 13 jẹ́ 325. Ìdíje kọ̀ọ̀kan di ìṣirò. Ohun tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé póíǹtì tí àwọn adílémú bá kó náà, wọ́n máa kà á fún Brian.

13/ Oṣù Kẹwàá 2023, Minnesota na Iowa 12 sí 10. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, Cooper DeJean gbé bọ́ọ̀lù sáré dé òpin, ilé hó yèè. Àwọn adájọ́ ní kò wọlé, nítorí bó ṣe ju ọwọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù yẹn, Beth Goetz, tó ń di ipò Barta mú fúngbà díẹ̀, kéde pé Brian máa lọ tí sáà bá parí. Ìdíje 6 ni wọ́n ti borí nínú 8. Póíǹtì wọn jẹ́ 19.5.

14/ Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Brian kò kúrò, ó ń bá iṣẹ́ lọ, gbogbo ayé sì mọ̀ pé ó ń lọ. Iowa borí mẹ́rin léraléra: Northwestern 10 sí 7, Rutgers 22 sí 0, Illinois 15 sí 13, Nebraska 13 sí 10. Wọ́n dé àṣekágbá Big Ten. Michigan nà wọ́n 26 sí 0. Tennessee tún nà wọ́n 35 sí 0. Ó parí síbẹ̀: ìdíje 10 ni wọ́n borí, 4 ni wọ́n pàdánù, póíǹtì wọn jẹ́ 15.4.

15/ Sáà yẹn kan náà, Phil Parker, olórí àwọn adílémú, gba Broyles Award, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá tó dáńtọ́ jù lọ láti 1996. Tory Taylor, ọmọ Australia, gba àmì ẹ̀yẹ punter tó dára jù. Iṣẹ́ punter ni kó gbá bọ́ọ̀lù jìnnà nígbà tí ìkọlù bá kùnà. Ẹ ronú sí i: nínú ilé kan náà, yàrá kan ń gba àmì ẹ̀yẹ, yàrá kejì ń jó.

16/ Ní 2024, Tim Lester gba iṣẹ́ Brian. Póíǹtì fò sókè dé 27.7. Kaleb Johnson sáré yáàdì 1,537, ó sì mú touchdown 21 wá. Àwọn tó ní kí wọ́n lé Brian ní, "Ṣé ẹ rí i?" Àmọ́ ìdíje mélòó ni wọ́n borí? 8. Wọ́n pàdánù 5. Póíǹtì pọ̀ sí i, ìṣẹ́gun dín kù. Àwọn apá kejì náà ní, "Ẹ̀yin náà, ṣé ẹ rí i?"

17/ Kì í ṣe Iowa nìkan. Ní oṣù Kìíní 2017, Alabama jẹ́ kí olórí ìkọlù wọn, Lane Kiffin, máa lọ nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan sí àṣekágbá, torí ó ti gba iṣẹ́ síbòmíràn. Steve Sarkisian ló rọ́pò rẹ̀. Clemson borí wọn 35 sí 31, ìṣẹ́jú àáyá kan ló kù! Ẹni tí wọ́n bú nígbà yẹn ló gba Broyles Award ní 2020, tó sì bá Alabama gba ife ẹ̀yẹ. Ẹnì kan náà ni o.

18/ Èrò tèmi rèé. Ó yẹ kí Brian lọ, nọ́ńbà kò purọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù yẹn, sáà bíi mẹ́rin péré ni wọ́n ní láyé yunifásítì. Sáà tó bá bàjẹ́ torí pé ẹnu kò gba àtisọ òótọ́ fún ọmọ ọ̀gá, kò sẹ́ni tó lè dá a padà fún wọn.

19/ Àmọ́ póíǹtì 25 yẹn kì í ṣe ìdájọ́ òdodo. Kirk ló ni ètò, Kirk ló gba ọmọ rẹ̀ síṣẹ́, ìwé àdéhùn Kirk kò ní nọ́ńbà 25 nínú. Ọmọ ni wọ́n so ó mọ́ lọ́rùn ní gbangba. Ààbò bàbá ló gbé e dé ibẹ̀, ààbò yẹn náà ló jẹ́ kí ìṣubú ẹ̀ di ohun tí gbogbo Amẹ́ríkà ń fi kalikulétọ̀ ṣírò lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀.

20/ Ó tán. Ẹ dá mi lóhùn lábẹ́ ibí: tí bàbá yín bá jẹ́ ọ̀gá, tó ní kẹ́ ẹ wá di igbákejì òun, ṣé ẹ máa gbà á? Ẹ má parọ́ o.