Ọ̀rọ̀ Ààbò nínú Ìtàn Bọ́ílà Ọkọ̀ Eléèéfín

Ìfáàrà

Bóyá ni a fi lè rí olùkọ́ Yorùbá tí kò tíì sọ̀rọ̀ ìrìn-àjò Àjàyí Crowther lórí Odò Ọya fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. A máa ń sọ fún wọn pé ọkọ̀ eléèéfín ni wọ́n wọ̀ ní 1841 àti ní 1854, a ó sì kọjá síbòmíràn. Pleiad ni orúkọ ọkọ̀ ti 1854. Macgregor Laird ni ó ṣètò rẹ̀, àwọn òpìtàn sì máa ń yìn ín nítorí pé àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lo oògùn quinine, kò sì sí òyìnbó kan tí ó kú nínú ìrìn-àjò náà. Ohun tí a kì í sábà bèèrè ni irú ìkòkò tí ó ń se omi nínú ikùn ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, àti ohun tí kò jẹ́ kí ó bẹ́ mọ́ àwọn èrò lára. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Kí ó tó di 1854, irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní èbúté Ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà.

Ète wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti tọpa bí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣe wá ààbò sí ìkòkò náà, èyí tí a ó máa pè ní bọ́ílà, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ wa ti ń pè é. Èrò tiwa ni pé àìlágbára irin kọ́ ni olórí ìṣòro wọn. Olórí ìṣòro wọn ni ọwọ́ ènìyàn tí ó ń di ọmọrí ìkòkò náà pa.

Ọmọrí àbò

Inú ilé ìdáná ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1679, Denis Papin, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé ìkòkò kan wá síwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tí a ń pè ní Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìkòkò náà dé pinpin, ooru omi kò sì ráyè jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí egungun tí a bá sè nínú rẹ̀ yóò rọ̀. Papin mọ̀ pé ìkòkò tí a dé báyìí lè bẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe dá ihò kékeré kan sí i lórí, ó fi ọmọrí kékeré dé ihò náà, ó sì fi ọ̀pá tí ó ní òkúta ìwọ̀n lẹ́nu tẹ ọmọrí náà mọ́lẹ̀. Bí ipá ooru inú ìkòkò bá ti ju ti òkúta ìwọ̀n náà lọ, ọmọrí yóò gbé sókè fúnra rẹ̀, ooru yóò sì tú jáde. Èyí ni a ó pè ní ọmọrí àbò. Kò sí bọ́ílà kan láti ìgbà náà wá tí ó ní láárí tí kò ní irú rẹ̀.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé ohun kan níhìn-ín, nítorí pé àṣìlóye pọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ooru tí ó ti kó jọ sókè ni ó ń ya irin bọ́ílà tí ó sì ń pa ènìyàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni. Omi ìsàlẹ̀ ni ewu ńlá. Nígbà tí a bá sé omi mọ́, ó lè gbóná kọjá ibi tí omi lásán ti ń hó, kí ó má sì hó. Bí irin bá ya lójijì, apá kan omi náà yóò di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, omi tí ó bá sì di ooru ní ìta gbangba a máa fẹ̀ ju ìlọ́po 1,600 lọ. Bí omi inú bọ́ílà bá ṣe pọ̀ tó ni ìbúgbàù rẹ̀ yóò ṣe le tó. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní èbúté

James Watt kò fẹ́ràn ooru olípá gíga rárá. Richard Trevithick, ará Cornwall, ni ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ olípá gíga lè kéré kí ó sì fúyẹ́, láìsí èyí, ẹ̀rọ kò lè wọ inú ọkọ̀ kékeré. Ní 1803, ọ̀kan nínú àwọn bọ́ílà rẹ̀ tí ó ń fa omi ní Greenwich bẹ́. Àlàyé tí Trevithick fúnra rẹ̀ ṣe ni pé ọmọdékùnrin tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà lọ pẹja, ó sì fi í sílẹ̀ fún òṣìṣẹ́ mìíràn. Òṣìṣẹ́ yìí rí i pé ẹ̀rọ náà ń sáré jù, ó sì dá a dúró, ṣùgbọ́n kò yọ irin tí wọ́n fi há ọmọrí àbò náà. Ẹ̀rọ dúró, iná kò dúró. Ènìyàn mẹ́ta kú lójú ẹsẹ̀, ẹnì kan sì kú lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn èyí, Trevithick pinnu láti máa fi ọmọrí àbò méjì sí bọ́ílà kọ̀ọ̀kan. Ó tún fi òjé di ihò kan nínú irin tí ó wà lókè iná. Bí omi bá lọ sílẹ̀ kọjá ibẹ̀, òjé yóò yọ́, ooru yóò sì tú jáde sínú iná kí irin tó pọ́n jù. A fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀: òjé kò mọ ọ̀gá, a kò sì lè bẹ̀ ẹ́.

Ṣùgbọ́n Norwich, ní ìlà-oòrùn Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ni ọ̀rọ̀ náà ti di ti ìjọba. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, 1817, bọ́ílà ọkọ̀ èrò kékeré kan bẹ́ bí ó ti ń ṣí kúrò ní èbúté láti lọ sí Yarmouth. Ènìyàn mẹ́sàn-án ni ó kú. Irin lílù, irú èyí tí alágbẹ̀dẹ ń fi ọmọ owú lù, ni wọ́n fi ṣe ara bọ́ílà náà, ṣùgbọ́n irin dídà ni wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀ kan. Irin lílù a máa fà kí ó tó ya. Irin dídà a máa fọ́ bí àwo. Wọ́n sì ti di ẹrù lé ọmọrí àbò rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin gbé kalẹ̀ lọ́dún náà dámọ̀ràn pé irin lílù tàbí bàbà nìkan ni kí a máa fi ṣe bọ́ílà ọkọ̀ èrò, àti pé ipá tí ọmọrí àbò yóò fi ṣí kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta ipá tí a fi dán bọ́ílà náà wò. Èyí tí ó wú wa lórí jù ni ti ọmọrí méjì. Wọ́n ní kí ọ̀kan wà níbi tí ọwọ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ kò ti lè tó o, kí èkejì sì wà níbi tí òun àti àwọn èrò ọkọ̀ ti lè tó o. Àwọn tí ẹ̀mí wọn wà nínú ewu ni wọ́n fún láṣẹ láti tú ooru sílẹ̀. A kò mọ òfin ẹ̀rọ mìíràn tí ó fi ọkàn tán ará ìlú tó bẹ́ẹ̀.

Bí a bá to àwọn ìjàǹbá wọ̀nyí pọ̀, ohun kan yóò hàn. Ní Cincinnati, ní Amẹ́ríkà, Moselle bẹ́ ní 1838 bí ó ti ń kúrò ní èbúté, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Cricket bẹ́ ní 1847 lórí odò Thames nígbà tí ó fẹ́ ṣí, ọmọrí àbò rẹ̀ sì wà ní dídè. Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ èbúté? Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró gba èrò, ẹ̀rọ kì í lo ooru mọ́, bẹ́ẹ̀ ni iná ń jó. Ó yẹ kí ọmọrí ṣí kí ooru máa jáde. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀gá ọkọ̀, ooru tí ó ń jáde yẹn owó igi àti èédú ni, ó sì fẹ́ kí ọkọ̀ òun fò jáde lójú àwọn èrò tí ń wò. Bákan náà, ẹ̀rọ ọkọ̀ ni ó sábà máa ń fa omi tuntun sínú bọ́ílà. Bí ẹ̀rọ bá dúró, omi kò wọlé mọ́. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ yìí gan-an ni ewu pọ̀ jù.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fún ọwọ́ tí ń di ọmọrí lésì tí ó péye ni John Ramsbottom, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ní 1855 ó gbé ọmọrí méjì kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀pá kan ṣoṣo, sípíríǹgì kan sì ń fa ọ̀pá náà wálẹ̀ láàrin wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ọ̀pá náà mọ́lẹ̀ ní ìhà kan, èkejì ni yóò ṣí. Ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Henri Giffard ní Faransé yanjú ti omi: ó ṣe ohun èlò kan tí ń fi ooru bọ́ílà fúnra rẹ̀ ti omi wọlé, ì báà jẹ́ pé ẹ̀rọ dúró.

Bọ́ílà inú ọkọ̀ kékeré

Ọkọ̀ kékeré ní wàhálà tirẹ̀. Àyè kò sí, ìwúwo ń dà á láàmú, bí èrò bá sì kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, omi inú bọ́ílà yóò ṣàn síbẹ̀, irin ìhà kejì yóò sì wà lórí iná láìní omi. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bọ́ílà rẹ̀ lè tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá sọ ìbú bọ́ílà di ìlọ́po méjì láìfi kún nínípọn irin rẹ̀, ipá tí ń fa irin náà ya yóò di ìlọ́po méjì pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí páìpù tín-ín-rín fi lè gba ipá tí àgbá ńlá kò lè gbà. Láti ibẹ̀ ni a ti dé orí bọ́ílà olómi-nínú-páìpù, níbi tí iná wà lóde tí omi sì wà nínú àwọn páìpù kéékèèké. Bí páìpù kan bá ya, omi díẹ̀ ni yóò tú jáde. Ṣùgbọ́n omi díẹ̀ yìí kan náà kì í pẹ́ gbẹ, nítorí náà ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lára gíláàsì tí ń fi omi hàn. Ẹrẹ̀ inú odò náà a máa di páìpù bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Àwọn òfin kò tètè rí ọkọ̀ kékeré. Òfin Amẹ́ríkà ti 1852 pàṣẹ pé kí a máa fi omi dán bọ́ílà wò lọ́dọọdún, kí ipá rẹ̀ má ju pọ́n-ùn 110 lọ lórí íǹṣì onígun mẹ́rin kan, kí ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀rọ sì gba ìwé àṣẹ. Ọkọ̀ èrò ni òfin náà ń bá wí. Kò kan ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ ìsọdá tàbí ọkọ̀ tí ń fa ọkọ̀ mìíràn. Òfin 1871 ni ó mú un gbòòrò. Nígbà tí àwọn olówó tí ń fi ọkọ̀ kékeré ṣe fàájì rí i pé àwọn náà gbọ́dọ̀ gba òṣìṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ, láàrin 1880 sí 1890 wọ́n yíjú sí ọkọ̀ tí ń se náfítà dípò omi, tí ó sì tún ń fi náfítà kan náà dáná. Òfin bọ́ílà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé kò sí ooru omi nínú rẹ̀. Olúwa ọkọ̀ lè dá wà á, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí a fi òfin dè láti ṣọ́ iná rẹ̀.