Ìwé Johnson Tó Sọnù àti Dísìkì Wa Tí Kò Ṣí

Gbogbo àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni a mọ ìwé Àlùfáà Samuel Johnson, The History of the Yorubas. Òun náà ni a ṣí nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wa lórí ogun Ìmàgbọ̀n, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní oṣù karùn-ún ọdún 1892. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ ni pé ìwé tí à ń kà yìí kọ́ ni èyí tí Johnson fọwọ́ ara rẹ̀ kọ parí. Ìyẹn ti sọnù.

Ọdún 1897 ni Johnson parí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1899, a fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a kò sì gbọ́ nǹkan kan mọ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, dé ọ̀hún lọ́dún 1900, ó sì bèèrè. Èsì tí wọ́n fún un ni pé àwọn kò rí ìwé náà mọ́, pé àwọn ṣe tán láti san owó rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún! Èló ni wọn ì bá san? Samuel Johnson kú ní ọdún 1901 láì fojú kan ìwé rẹ̀.

Ohun tó yọ wá ni pé Johnson kò da àkọsílẹ̀ rẹ̀ nù. Àwọn ìwé tó kọ́kọ́ fi dánra wò àti ohun tó ń kọ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ṣì wà nílé. Inú wọn ni Obadiah ti tún gbogbo ìtàn náà kọ. Nígbà tó tún fi ránṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1916, ọkọ̀ ojú omi Appam ló gbé e. Ọkọ̀ ogun Jámánì tó ń jẹ́ Möwe mú Appam lójú òkun, wọ́n sì wà á lọ sí Virginia ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1921 ni ìwé náà tó jáde, nígbà tí Obadiah náà ti kú lọ́dún tó ṣáájú.

Kí ló dé tí a fi ń pìtàn yìí? Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ni. A ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ ní àdúgbò Pòrógun àti Ìjàsí, lórí ohun tí àwọn òbí wọn sọ fún wọn nípa Ìmàgbọ̀n. Ètò tí a fi ń da ohùn wọn kọ, orí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà a ṣe kọ̀ǹpútà kan sínú kọ̀ǹpútà wa, èyí tí wọ́n ń pè ní virtual machine. IBM ti ń ṣe irú rẹ̀ lórí àwọn ẹ̀rọ ńláńlá láti bí ọdún 1960 sí 1970. Ọdún 1999 ni VMware gbé tirẹ̀ jáde fún irú kọ̀ǹpútà tí àwa ń lò. Gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà kejì yìí, inú fáìlì ńlá kan tó dúró bíi dísìkì rẹ̀ ló ń gbé.

Àṣìṣe wa kò ju mẹ́ta lọ. Èkíní, fláàṣì wa kò gba fáìlì náà, bẹ́ẹ̀ àyè pọ̀ nínú rẹ̀. FAT32 ni wọ́n fi ṣètò rẹ̀, FAT32 kì í sì í gba fáìlì tó bá tó 4GB. A lọ yá dísìkì ìta kan.

Èkejì ló burú. A ti tẹ snapshot nígbà kan. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́, fáìlì àkọ́kọ́ yóò dúró síbi tó dé. Gbogbo ohun tuntun yóò máa bọ́ sínú fáìlì kejì. Fáìlì tó tóbi jù nìkan ni a dà kọ, a rò pé òun ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, a kò ṣí ẹ̀dà náà wò rárá. Ọjọ́ tí iná ya dé, tó sì ba laptop náà jẹ́, ni a tó gbìyànjú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní òun kò rí fáìlì kejì. Nígbà tí a fi ti àkọ́kọ́ nìkan ṣí i, ó ṣí, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta iṣẹ́ ti lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní GitLab ṣèèṣì pa àkójọ ilé-iṣẹ́ náà rẹ́. Ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ní láti fi pa ẹ̀dà mọ́; kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà tí ẹnì kan ṣe fún iṣẹ́ mìíràn ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní báyìí, a máa ń pa kọ̀ǹpútà inú náà pátápátá kí a tó da nǹkan kọ. A máa ń pa snapshot rẹ́ látinú ètò náà fúnra rẹ̀, nítorí ìgbà náà ló ń da fáìlì méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Odindi àpò fáìlì ni à ń gbé, kì í ṣe ẹyọ kan. Lẹ́yìn náà, a ó ṣí ẹ̀dà náà lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn.

Ọ̀pọ̀ ohùn tó sọnù ni a tún rí lórí fóònù wa. Ti bàbá kan ní Ìjàsí nìkan ni a kò rí, nítorí a ti pa á rẹ́ kí àyè lè wà. Kí a tó padà lọ bá wọn, bàbá ti papòdà. Ojú ìwé kan ààbọ̀ tí ọ̀kan nínú wa kọ sínú ìwé àjákọ bí bàbá ṣe ń sọ̀rọ̀ ló kù lọ́wọ́ wa. Òun ni a fi kọ orí kẹta iṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀dà iṣẹ́ yín tí ẹ ní ẹ ti pa mọ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí i wò lónìí.