Orin Àlọ́ Lẹ́bàá Iná

Alẹ́ ni àwọn Yorùbá máa ń pàlọ́. Èèwọ̀ ni lọ́sàn-án. Ọgbọ́n wà nínú èèwọ̀ náà, nítorí agbo ilé tí ó bá ń pàlọ́ lọ́sàn-án yóò fi oko sílẹ̀ fún igbó. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tọmọdé tàgbà a péjọ sí ojúde lábẹ́ òṣùpá. Bí òṣùpá kò bá sí, tàbí tí ọyẹ́ bá mú, wọn a yí iná ká, pàápàá ní abúlé oko.

Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n fi ń ṣíde, kí ọpọlọ àwọn ọmọdé lè jí. Àlọ́ àpagbè ni yóò tẹ̀ lé e, orúkọ rẹ̀ sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀: a kì í pa á láìsí ẹni tí yóò gbe orin rẹ̀. Apàlọ́ ni yóò lé orin, gbogbo ẹbí yòókù ni elégbè. Ọmọ tí kò tíì lè sọ ìtàn lè gbe orin. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ó fi ń kọ́ èdè, ohùn àti ìwà. Bí ègbè bá ti ń rẹlẹ̀, apàlọ́ mọ̀ pé oorun ti dé.

Ní oṣù Kejìlá 1935, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé rédíò wọ inú ilé ní Èkó. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn Yorùbá sọ ọ́. Orúkọ náà jinlẹ̀: àpótí yìí ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gba èsì ẹnikẹ́ni. Ní 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, iṣẹ́ àmúrelé sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá àlọ́ du alẹ́. Ní 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn; ojú tí ó ń wo ara wọn lẹ́bàá iná wá ń wo àpótí.

Àwọn orin náà kò parun. Adébóyè Babalọlá tẹ Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá jáde ní 1973. Ní àwọn ọdún 1980, tẹlifíṣọ̀n pàápàá kó àwọn ọmọdé yí apàlọ́ ká. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tí ó wà nílé bá gbè é, apàlọ́ inú àpótí kò lè gbọ́ ọ.

Ìwé pa orin mọ́, ẹ̀rọ gba ohùn sílẹ̀. Elégbè ni ó ṣọ̀wọ́n. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn olùjíròrò ni èyí: bí òbí bá lé orin lálẹ́ òní, ta ni yóò gbè é?