Ètò Ilégbèé Ìjọba àti Àìtó Ilé Olówó Pọ́ọ́kú ní Ìlọrin

Ọ̀rọ̀ àìtó ilé olówó pọ́ọ́kú ti wà nílẹ̀ ní Ìlọrin láti ọdún 1967, nígbà tí ìjọba Yakubu Gowon pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá tí ìlú náà sì di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara. Ìkànìyàn ọdún 2006, èyí tí Nàìjíríà ṣe kẹ́yìn, ka èèyàn tó lé ní 777,000 sí ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta tó pín ìlú náà láàárín ara wọn: Ìlà-Oòrùn, Ìwọ̀-Oòrùn àti Gúúsù Ìlọrin. Kì í ṣe pé ilé kò sí o. Ẹni tó bá gba Tanke tàbí Fate kọjá yóò rí ilé tuntun lọ́tùn-ún lósì. Ohun tó wọ́n ni ilé tí owó bíríkìlà, télọ̀ tàbí akọ̀wé kékeré ká. Ìjọba ti kọ́ ẹ́sítéètì lóríṣiríṣi, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, agbo ilé àti àwọn tó ń kọ́ ilé tiwọn díẹ̀díẹ̀ ló ti gba ará Ìlọrin sábẹ́ òrùlé ju gbogbo ètò ìjọba lọ.

Agbo ilé

Ìlú àtijọ́ pín sí àdúgbò ńlá mẹ́rin lábẹ́ Ẹ́mià, Balógun kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe olórí wọn: Àjíkòbí, Alánàmú, Gàmbàrí àti Fúlàní. Inú àdúgbò wọ̀nyí ni agbo ilé wà, Mágàjí ni olórí agbo ilé. Ẹ wọ ọ̀kan nínú wọn ní Pàkátà tàbí Agbàjí. Yàrá yí àgbàlá ká, kànga wà láàárín. Amọ̀ ni ògiri, wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀ níwájú ni. Páànù ti dípáta, wọ́n sì ti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá kan tàbí méjì mọ́ ti àtijọ́ níbi tí ògiri ti wó. Ọmọkùnrin tó bá fẹ́ gbéyàwó, yàrá ni wọn yóò wá fún un, kò ní san kọ́bọ̀. Opó kì í kó ẹrù síta nítorí pé ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin tó bá padà wálé láti ilé ọkọ yóò rí ibi sùn. Kò sí ẹ́sítéètì ìjọba tí owó rẹ̀ pọ́ọ́kú tó èyí.

Ohun tó mú agbo ilé rọrùn náà ló ń bà á jẹ́. Ilé ẹbí kò ṣeé tà, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo kò sì sí lórí ìwé rẹ̀, bí ìwé tilẹ̀ wà. Báńkì kò lè fi í ṣe ìdúró fún owó yíyá. Ọmọ ilé tó bá rí jájẹ a kó lọ sí ìta ìlú, a sì fi òrùlé tó ń jò sílẹ̀ fún àwọn tí kò rí. Tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra ní oṣù Kẹjọ àti oṣù Kẹsàn-án, ògiri amọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í wó, omi odò Asà a sì máa yọ àwọn tó kọ́lé sí bèbè rẹ̀ lẹ́nu. Nínú gbogbo ètò ilé tí ìjọba ń gbé jáde, èyí tó dojú kọ títún agbo ilé ṣe ló ṣọ̀wọ́n jù. Àṣìṣe ńlá nìyẹn lójú èmi tó ń kọ èyí, nítorí ibẹ̀ ni tálákà ìlú wà.

Ilé ìjọba

Àwọn Òyìnbó amúnisìn ló bẹ̀rẹ̀ ilé ìjọba ní Ìlọrin. Wọ́n kọ́ àdúgbò tí à ń pè ní GRA sí ẹ̀yìn ìlú fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àgbàlá fẹ̀, igi yí ilé ká, àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ ìjọba wa ló sì jogún rẹ̀ lẹ́yìn òmìnira. Nígbà tí ìpínlẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀ ní 1967, àwọn ọmọ Kwara tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kaduna ń kó bọ̀ wálé, ibi tí wọn yóò dé sí kò sì tó. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti fọ̀nà hàn ṣáájú: àjọ ilé kíkọ́ tó dá sílẹ̀ ní 1958 ló kọ́ Bódìjà ní Ìbàdàn. Ìlọrin náà bẹ̀rẹ̀ ti ẹ̀. Adéwọlé àti Kúléǹdé wà lára àwọn ẹ́sítéètì àkọ́kọ́. Mandate, Harmony àti Royal Valley dé lẹ́yìn wọn.

Ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ilégbèé tirẹ̀, FHA, sílẹ̀ ní 1973. Èyí tí ará ìlú rántí jù ni ti Shehu Shagari. Láàárín 1979 sí 1983, ìjọba rẹ̀ ṣèlérí ilé 40,000 lọ́dọọdún, nǹkan bí 2,000 fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú mọ́kàndínlógún tó wà nígbà náà. Gómìnà Kwara, Adamu Attah, jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ NPN bíi ti Ààrẹ, nítorí náà kò sí ìjà lórí ilẹ̀ tí wọn yóò fi kọ́lé. Àwọn ìpínlẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò UPN ní tiwọn kò fẹ́ kí ìjọba àpapọ̀ wá kọ́lé sórí ilẹ̀ wọn. Lateef Jakande kọ́ tirẹ̀ ní Èkó, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ilé náà títí dòní. Cornelius Adebayo ti UPN gba ipò gómìnà Kwara ní oṣù Kẹwàá 1983, àmọ́ àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà. Nígbà náà, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ilé tí Shagari ṣèlérí ló tíì parí káàkiri orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jìnnà sí ìlú, kò sí omi, kò sí iná, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Àléébù kan náà ló ń bá ilé ìjọba láti ìgbà náà títí di ti àwọn ìjọba tó dé lẹ́yìn 1999. Ẹni tó ní ìwé owó oṣù ni wọ́n ń kọ́ ọ fún, nítorí ara owó oṣù ni wọ́n ti lè máa yọ gbèsè. Alápatà, ahunṣọ òfì, aránṣọ àti ọlọ́kadà kò ní ìwé owó oṣù, bẹ́ẹ̀ àwọn ló pọ̀ jù ní Ìlọrin. Òṣìṣẹ́ tó sì rí ilé gbà lè tún tà á fún olówó kó lọ fi owó náà kọ́ ilé méjì sí ẹ̀yìn ìlú. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ilẹ̀ àti ìwé rẹ̀

Òfin Lílo Ilẹ̀ tí ìjọba Olusegun Obasanjo gbé jáde ní oṣù Kẹta 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Ní ilẹ̀ Ìbàdàn àti Èkó, ìyípadà ńlá ni. Ní Ìlọrin, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì, nítorí òfin ilẹ̀ Àríwá ti 1962 ti fi ilẹ̀ sọ́wọ́ ìjọba ṣáájú. Ẹni tó bá ní ìwé àṣẹ ìní ilẹ̀ (C of O) kò lè ta ilẹ̀ náà fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ tí kò sí ilé lórí rẹ̀, owó ohun tó hù níbẹ̀ ni wọn yóò san, kì í ṣe owó ilẹ̀ gan-an.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú ìwé òfin. Ẹbí àti ọmọ onílẹ̀ ń ta ilẹ̀ lọ ní tiwọn, 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 fún pulọ́ọ̀tì kan. Ẹni tó rà á gba rẹ́síìtì àti àgírímẹ́ǹtì tí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí, ó fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé. Bí Gàá Akanbi àti Gàá Odota ṣe kúrò ní gàá àwọn Fúlàní darandaran tó di àárín ìlú nìyẹn. Owó àti wàhálà C of O kì í jẹ́ kí olówó kékeré débẹ̀. Ìjọba Gómìnà AbdulRahman AbdulRazaq ń kó ìwé ilẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ àjọ KW-GIS, èyí sì jẹ́ ìgbésẹ̀ tó tọ́.

Ọjọ́ 2 oṣù Kìn-ín-ní 2020 ni gbogbo Nàìjíríà rí bí agbára gómìnà lórí ilẹ̀ ṣe tó. Lọ́jọ́ náà ni ìjọba wó Ilé Arúgbó tó jẹ́ ti ẹbí olóògbé Olusola Saraki, àgbà olóṣèlú Kwara; ìjọba ní ilẹ̀ ìjọba ni. Awuyewuye rẹ̀ kò lọ bọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́ níbẹ̀ ni pé bí ilẹ̀ ẹni ńlá bá lè lọ báyìí, mẹ̀kúnnù wo ni rẹ́síìtì yóò gbà là?

Owó

Òfin Owó Àkójọ Ilé ti ọdún 1992 ní kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sí Báńkì Ilégbèé Àpapọ̀, kí ó lè rí owó yá ní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kí ó sì san án títí di ọgbọ̀n ọdún. Èlé yẹn kéré púpọ̀ sí ti báńkì oníṣòwò. Ẹ jẹ́ ká bá òṣìṣẹ́ kan ṣírò. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 70,000 náírà láti oṣù Keje 2024. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ san gbèsè lóṣooṣù fún ọgbọ̀n ọdún, kò lè yá ju nǹkan bí 3.9 mílíọ̀nù lọ. Ní oṣù Kejì 2024, lẹ́yìn tí sìmẹ́ǹtì gbówó lérí débi pé ìjọba pe àwọn tó ń ṣe é sí ìpàdé, 7,000 sí 8,000 náírà ni wọ́n fẹnu kò sí fún àpò kan. Ní 8,000 náírà fún àpò kan, gbogbo owó tí òṣìṣẹ́ yìí fi ọgbọ̀n ọdún yá kò ní ra àpò 490. A kò tíì ra ilẹ̀, irin, páànù, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì san owó iṣẹ́.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ èlé fúnra rẹ̀. Ìlú Mùsùlùmí ni Ìlọrin, ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ kò sì ní fọwọ́ kan ribà bó ti wù kó kéré tó. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń gba irú wọn là: ẹgbẹ́ á ra ilẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì, á fi èrè tó hàn sí gbogbo èèyàn lé e, ọmọ ẹgbẹ́ á máa san án díẹ̀díẹ̀. Báyìí ni ilé ṣe ń dìde: ọdún kan fún ilẹ̀, òmíràn fún búlọ́ọ̀kù, lẹ́yìn náà yàrá méjì á gba páànù, onílé á kó wọlé láìrẹ́ ògiri, kí ó má baà tún san owó ilé mọ́.

Ayálégbé

Yunifásítì Ìlọrin, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, wà lára àwọn yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń du láti wọ̀ jù ní Nàìjíríà, ilé ìgbé inú ọgbà rẹ̀ kò sì gbà wọ́n. Tanke àti Òkè-Odò ló gba ìyókù. Onílé tó bá kọ́ yàrá kan pẹ̀lú bálùwẹ̀ tirẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí owó kíákíá ju ẹni tó kọ́ ilé fún ìdílé lọ, nítorí náà irú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́. Ìdílé tó fẹ́ gba yàrá àti pálọ̀ yóò mú owó ọdún kan tàbí méjì wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, owó ájẹ́ǹtì àti ti àgírímẹ́ǹtì á gun orí rẹ̀. Èkó ti ṣòfin ní 2011 pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Wọn kì í pa á mọ́ dáadáa, àmọ́ ó fún ayálégbé ní ohun tó lè tọ́ka sí.

Iye ilé tí Nàìjíríà ń fẹ́ wà lẹ́nu olúkúlùkù: mílíọ̀nù 17, 22, 28. Babatunde Fashola, nígbà tó jẹ́ mínísítà tó ń rí sí ilégbèé, bi àwọn tó ń sọ ọ́ léèrè ní gbangba pé ibo ni wọ́n ti rí 17, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí Singapore ṣe nípa ilégbèé láti 1960 kò bẹ̀rẹ̀ láti orí iye. Orí ilẹ̀ tí ìjọba gbà lówó pọ́ọ́kú àti owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ ń fi san gbèsè ilé ló ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn ará ibẹ̀ ló sì ń gbé ilé ìjọba lónìí. Kwara ní ilẹ̀. Ohun tó yẹ kí ó ṣe kí ó tó tún kọ́ ẹ́sítéètì mìíràn ni kí ó là á sí pulọ́ọ̀tì, kí ó fa omi, ọ̀nà àti iná débẹ̀, kí ó sì tà á ní iye tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè san díẹ̀díẹ̀. Kí ìyẹn tó dé, ẹ̀yin tó fẹ́ ra ilẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ kọ́kọ́ mú ìwé sọ́fè lọ sí ọ́fíìsì KW-GIS kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni.