Ẹgbẹ́ Rolling Stones àti Ọ̀ràn Ẹni tí Ó Ni Orin

Àwọn akéwì àti onílù ilẹ̀ wa kì í bẹ̀rẹ̀ eré láìkọ́kọ́ júbà. Wọn a júbà baba, wọn a júbà ìyá, wọn a sì dárúkọ ẹni tí ó kọ́ wọn ní iṣẹ́ náà kí wọn tó la ẹnu sọ tiwọn; àwọn àgbà sì wí pé ìbà kì í hun ọmọ, adáṣe ní í hun ọmọ. Ọ̀rọ̀ yìí ni kò kúrò lọ́kàn mi nígbà tí mo ń ka ìtàn ẹgbẹ́ olórin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí à ń pè ní Rolling Stones, èyí ni pé, àwọn òkúta tí ń yí. Ọdún 1962 ni ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún gbé àwo orin tuntun jáde ní ọdún 2023. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé nípa ariwo wọn, irun orí wọn, obìnrin wọn àti oògùn olóró wọn, èmi kò sì ní pẹ́ lórí ìwọ̀nyí. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni èyí: orin tí ó sọ wọ́n di ọlọ́rọ̀, ti ta ni?

Dartford jẹ́ ìlú kan ní ẹkùn Kent, kò sì jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni a gbé bí Mick Jagger àti Keith Richards ní ọdún 1943, nígbà tí ogun Hitler ṣì ń jà. Wọ́n mọ ara wọn ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. Lẹ́yìn náà ọ̀nà wọn yà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961 wọ́n tún pàdé ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dartford. Jagger ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí a ti ń kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ní Lọ́ńdọ̀nù, Richards sì ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ní Sidcup. Àwo orin wà ní abíyá Jagger, ti Chuck Berry àti ti Muddy Waters, èyí tí ó kọ̀wé sí ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà kí ó tó rí rà. Ojú ọ̀rẹ́ àtijọ́ kọ́ ni Richards ń wò mọ́. Àwo ni ó ń wò.

Ó yẹ kí n sọ irú orin tí ó wà nínú àwo wọ̀nyí. Àwọn ènìyàn dúdú ìpínlẹ̀ Mississippi àti agbègbè rẹ̀, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú láti Áfíríkà, ni ó dá orin tí à ń pè ní blues sílẹ̀ láàárín oko òwú. Nígbà tí ìyà pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣí lọ sí Chicago láti wá iṣẹ́, wọ́n sì gbé orin náà lọ́wọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi iná mànàmáná sí gìtá, kí ohùn rẹ̀ lè borí ariwo ilé ọtí. Muddy Waters wà lára wọn. McKinley Morganfield ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó ń wa katakata ní oko òwú Stovall kí ó tó bọ́ sínú ọkọ̀ ojú irin lọ sí Chicago, ní ọdún 1943 kan náà tí a bí àwọn ọmọdékùnrin méjì yìí. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn aláwọ̀ funfun kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ni Brian Jones, ọmọ Cheltenham, ẹni tí ó mọ bí a ti í fi ọrùn ìgò fa okùn gìtá kí ó máa sunkún bí ènìyàn. Ó fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn Jazz News, ẹni tí ó sì kọ́kọ́ jẹ́ ìpè náà ni Ian Stewart, ọmọ Scotland, tí ń tẹ dùùrù. Jagger àti Richards dara pọ̀ mọ́ wọn. Nígbà tí a bi Jones lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù pé kí ni orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, kò ní èsì. Gẹ́gẹ́ bí Richards ti sọ ọ́, ojú Jones lọ sára àwo Muddy Waters kan tí ó wà nílẹ̀, ó rí orúkọ orin kan níbẹ̀, “Rollin’ Stone”, ó sì fi í dáhùn. Ní ọjọ́ 12 oṣù keje ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré pẹ̀lú orúkọ náà, ní gbọ̀ngàn Marquee ní Lọ́ńdọ̀nù. Bill Wyman, tí ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, wọlé ní ìparí ọdún náà. Charlie Watts onílù dé ní oṣù kìíní ọdún 1963.

Ní ọdún 1963 yìí ni Andrew Loog Oldham, ọmọ ọdún 19, di alámòójútó wọn. Ó wò wọ́n títí, ó ní ènìyàn 6 ti pọ̀ jù, àti pé ojú Stewart kò bá ti àwọn yòókù mu nínú àwòrán. Wọ́n sì yọ Stewart. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, èmi ìbá ti gba ilé lọ. Stewart kò lọ. Ó ń wa ọkọ̀ tí ń kó ẹrù wọn, ó ń to ohun èlò wọn, ó sì ń tẹ dùùrù nínú àwo wọn, títí ó fi kú ní oṣù kejìlá ọdún 1985. Richards kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ pé lójú òun, Stewart ni ó ni ẹgbẹ́ náà.

Ohun mìíràn tí Oldham ṣe ni ó yí ìgbésí ayé wọn padà. Orin ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ ní ìgbà náà: àwo wọn àkọ́kọ́ jẹ́ ti Chuck Berry, èkejì sì ni Lennon àti McCartney ti ẹgbẹ́ Beatles fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà méjì ni owó ń gbà jáde láti ara àwo: ti ẹni tí ó fi ẹnu kọ ọ́, àti ti ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin náà. Bí àwo bá tà, bí asọ̀rọ̀mágbèsì bá gbé e sáfẹ́fẹ́, ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀ a gba tirẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ a sì máa gbà á lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nítorí náà ni Oldham ṣe ní dandan kí Jagger àti Richards jókòó ṣẹ̀dá orin tiwọn. Ní ọdún 1965 “The Last Time” borí gbogbo orin mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orúkọ àwọn méjèèjì sì wà lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí “Satisfaction” fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìdílé Staples, tí í ṣe olórin ìjọ ní Chicago, ti kọ orin ẹ̀mí kan sínú àwo ṣáájú, tí ègbè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti “The Last Time”. Richards pàápàá gbà lẹ́yìn náà pé láti inú rẹ̀ ni àwọn ti fa tiwọn yọ. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Kí a má ṣe fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n: wọ́n júbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, ilé Chess ní Chicago ni wọ́n lọ láti gba ohùn wọn sílẹ̀, níbi tí Muddy Waters ti ń ṣe tirẹ̀. Richards a máa sọ pé orí àkàbà ni àwọn bá bàbá náà, tí ó ń kun àjà ilé. Ọmọ ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ náà ní irọ́ ni. Ní ìparí ọdún kan náà, wọ́n gbé “Little Red Rooster” ti Willie Dixon dé òkè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n sì pè wọ́n sí eré Shindig lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1965, wọ́n ní àfi bí a bá pe Howlin’ Wolf pẹ̀lú. Àgbàlagbà náà, tí ó ti ń kọrin kí a tó bí wọn, dúró kọrin níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì sì jókòó yí i ká bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́.

Ìbà ẹnu ni èyí. Ti ìwé yàtọ̀. Nínú àwo Beggars Banquet, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 1968, “Sympathy for the Devil” wà, nínú èyí tí Sátánì fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ìlù samba ni ó gbé e, èyí tí ó hù láti ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil, Rocky Dzidzornu, ọmọ ilẹ̀ Ghana, ni ó sì lu kóńgà rẹ̀. Nínú àwo kan náà ni “Prodigal Son” wà, ìtàn Ọmọ Onínàákúnàá ti inú Ìhìnrere Lúùkù. Robert Wilkins, ọmọ Mississippi, ni ó ni ín. Ní ọdún 1929 ó gbé e jáde gẹ́gẹ́ bí orin ayé. Lẹ́yìn náà ó fi orin ayé sílẹ̀, ó di òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ó sì fi ọ̀rọ̀ Bíbélì rọ́pò ọ̀rọ̀ ti ìṣáájú. Ó ti di ẹni ọdún 72 nígbà tí Beggars Banquet jáde. Ṣùgbọ́n orúkọ Jagger àti Richards ni a kọ sí orin náà. Àlàyé tí a gbọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ Decca kọ àwòrán èèpo àkọ́kọ́, àti pé nínú ìkánjú àtiṣe òmíràn ni orúkọ Wilkins ti sọnù; wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà. Èmi gbà pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ rí pé ìkánjú mú kí wọ́n kọ orúkọ Wilkins sí orin Jagger.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, wọ́n kọ “Love in Vain” ti Robert Johnson, ẹni tí ó kú ní ọdún 1938 ní ẹni ọdún 27, tí kò sì fi ju orin 29 sílẹ̀ nínú àwo. Woody Payne ni orúkọ tí a kọ sí i. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Orúkọ àdàpè ni.

Ní àkókò kan náà, ẹlòmíràn ń ṣe irú rẹ̀ sí àwọn náà. Ní ọdún 1965 ni Allen Klein, ará Amẹ́ríkà tí ó mọ ìṣirò owó dé góńgó, di alámòójútó wọn. Ó bá Decca wọ̀jà, ó gba owó ńlá fún wọn, wọ́n sì yọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí nínú ayọ̀ náà gbé orin wọn lọ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Klein ní Amẹ́ríkà, tí orúkọ rẹ̀ fi jọ ti ilé-iṣẹ́ tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé ọ̀kan náà ni. Nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọdún 1970 ni wọ́n tó mọ̀ pé gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n pe ẹjọ́, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1972, ṣùgbọ́n orin kò padà. Klein kú ní ọdún 2009. Orin náà kò bá a kú, ó wà lọ́wọ́ ABKCO, ilé-iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀.

Ìyókù ìrìn wọn kò ní gbà wá lákòókò. Jones, tí oògùn olóró àti ọtí ti sọ di aláìlera, ni wọ́n yọ nínú ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 1969. Kò pé oṣù kan tí ó fi kú sínú odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, ní Altamont ní California, ọ̀kan nínú àwọn oníalùpùpù tí a fi ṣọ́ ìtàgé gún ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan, ẹni ọdún 18, lọ́bẹ, ó sì kú bí wọ́n ti ń ṣeré lọ. Ní ọdún 1971 wọ́n sá fún owó orí lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí ni wọ́n. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ṣọ́ ohun tiwọn, wọ́n sì ṣọ́ ọ sí àwọn tiwọn pẹ̀lú. John Pasche, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ya àwòrán ahọ́n pupa tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n, gba 50 pọ́ùn. Mick Taylor, tí ó gba ipò Jones, jáde ní ìparí ọdún 1974, ó sì sọ pé òun lọ́wọ́ nínú àwọn orin kan tí a kò kọ orúkọ òun sí. Ron Wood, tí ó rọ́pò rẹ̀, gba owó oṣù bí òṣìṣẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fún un ní ìpín. Wyman, tí ó fi wọ́n sílẹ̀ ní ọdún 1993, ti kọ sínú ìwé ṣáájú pé òun ni ó rí ohùn tí ó bẹ̀rẹ̀ “Jumpin’ Jack Flash”.

Jagger àti Richards jà kíkan ní àárín ọdún 1980 sí 1989, wọ́n sì tún parí ìjà. Láti ìgbà náà ni ìrìn àjò eré wọn ti di òwò ńlá. Ní ọdún 2006 wọ́n ṣeré ọ̀fẹ́ ní etí òkun Copacabana ní Rio de Janeiro, níbi tí a ṣírò pé èrò lé ní 1,000,000. Ní oṣù kẹta ọdún 2016 wọ́n ṣe é ní Havana, ní Kúbà, níbi tí ìjọba ti fi ojú burúkú wo irú orin bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni orin àwọn ọmọ ẹrú Mississippi ṣe gba ọ̀nà Kent dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ẹrú Kúbà, tí àwọn ìbátan wa wà nínú wọn.

Gbèsè náà ńkọ́? Ní ọdún 2000 ilé ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ láàárín ABKCO àti àwọn tí ó di ẹ̀tọ́ Robert Johnson mú, ó sì dájọ́ pé “Love in Vain” kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀ràn kejì ṣòroó tú ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1997 ẹgbẹ́ Verve, láti Wigan, ṣe orin kan tí ó gbajúmọ̀ gidigidi, wọ́n sì mú ohùn gòjé kan sí i láti inú àwo tí Oldham ní kí àwọn olórin mìíràn fi “The Last Time” ṣe láyé ìgbà náà. Klein ní àfi bí wọ́n bá jọ̀wọ́ gbogbo ẹ̀tọ́ orin náà. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Fún ọdún 22, orúkọ Jagger àti Richards ni ó wà lára orin tí Richard Ashcroft ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 2019 wọ́n yọ orúkọ wọn kúrò, wọ́n sì dá a padà fún un, ìwà ọmọlúwàbí ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tọ okùn náà dé ìdí, ọ̀dọ̀ ìdílé Staples ni a ó já sí, àti ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ dúdú tí orin náà ti wà lẹ́nu wọn kí àwọn Staples tó gbé e. Kò sí ẹni tí ó dá nǹkan kan padà síbẹ̀ ní ọdún 2019.

Ní ọdún 2016 wọ́n gbé Blue & Lonesome jáde, orin 12, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti àwọn olórin blues àtijọ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó ni wọ́n; ọjọ́ 3 péré ni wọ́n fi ṣe é. Charlie Watts kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ní ẹni ọdún 80. Àwo Hackney Diamonds tẹ̀lé e ní ọdún 2023. Nínú orin tí ó kẹ́yìn níbẹ̀, Jagger àti Richards nìkan ni ó wà, ọ̀kan mú gìtá, ọ̀kan mú fèrè ẹnu, wọ́n sì kọ orin Muddy Waters ti ọdún 1950 tí Jones fi sọ wọ́n lórúkọ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù. Wọn kò fi í sínú àwo wọn kankan ṣáájú. McKinley Morganfield ni orúkọ tí a kọ sí i.