Ímeèlì Àlòsọnù Nígbà Tí A Bá Ń Rajà Lórí Ayélujára: Àǹfààní, Ewu àti Ojú Tí Ẹ̀sìn Fi Wò Ó

Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà orí ayélujára kì í tajà fún ènìyàn láìjẹ́ pé ó kọ àdírẹ́sì ímeèlì rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọjà bá ti dé ọwọ́ ẹni, ìpolówó kì í dáwọ́ dúró: lónìí ẹ̀dínwó bàtà, lọ́la ẹ̀dínwó ìkòkò. Èyí tó le jù ni pé àdírẹ́sì náà lè bọ́ sọ́wọ́ oníjìbìtì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, eBay ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn olè orí ayélujára ti wọ ibi tí òun ń kó orúkọ, ímeèlì àti àdírẹ́sì ilé àwọn oníbàárà sí. Ó ní kí gbogbo wọn, tí wọ́n tó mílíọ̀nù 145, pààrọ̀ password wọn.

Ímeèlì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún báńkì, iṣẹ́, iléèwé ọmọ àti ọjà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí bí a bá gbàgbé password. Ẹni tó bá mọ àdírẹ́sì yìí kò tíì ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ ilẹ̀kùn tí yóò máa kàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń lo àdírẹ́sì mìíràn fún ọjà.

Oríṣi méjì ni

Àkọ́kọ́ ni àlòsọnù gan-an, bí ọ̀rá omi tí a mu tán tí a sọ nù. Àdírẹ́sì tí 10 Minute Mail ń fúnni, ìṣẹ́jú 10 ló ń lò, àfi bí ènìyàn bá bèèrè àfikún. Àpótí ọ̀fẹ́ ti Mailinator kò ní password rárá: ẹnikẹ́ni tó bá tẹ orúkọ kan náà yóò ka lẹ́tà tó wà níbẹ̀.

Ìkejì ni àdírẹ́sì aṣojú. Aṣojú yìí ni olùtajà mọ̀. Òun ló ń gba lẹ́tà, tí ó sì ń gbé e wá sínú ímeèlì wa gan-an láìjẹ́ kí olùtajà mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ọjọ́ tí ìpolówó bá sú wa, a ó tì í pa, ariwo dópin. Àwọn tó ń lo iPhone, tí wọ́n sì ń san owó iCloud+, ní èyí tí Apple pè ní Hide My Email. Firefox Relay ń fúnni ní 5 lọ́fẹ̀ẹ́, DuckDuckGo náà sì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń lo Gmail lè fi àmì + àti orúkọ ilé ìtajà sẹ́yìn orúkọ tirẹ̀, ṣáájú àmì @; lẹ́tà yóò ṣì dé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò bo orúkọ ẹni, ó kàn ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí a fún ní àdírẹ́sì náà ni.

Ṣé irọ́ kọ́ nìyí?

Ìbòrí yàtọ̀ sí irọ́. Aya 27 nínú Suratun-Nur kọ́ wa pé a kò gbọdọ̀ wọ ilé onílé láìgba àṣẹ. Aya 12 nínú Suratul-Hujurat sì kọ títọpinpin ara ẹni. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti má fún gbogbo ọlọ́jà ní àdírẹ́sì rẹ̀. Ọ̀nà tí olùtajà yóò fi bá oníbàárà sọ̀rọ̀ ló nílò, aṣojú tó ń jíṣẹ́ sì ti fún un ní ìyẹn.

Ohun tó di irẹ́jẹ ni kí ènìyàn máa dá àdírẹ́sì tuntun kí ó lè máa gba ẹ̀dínwó tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń rajà níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, tàbí kí ó fi orúkọ oríṣiríṣi yin ọjà ara rẹ̀, tàbí kí ó fi sá fún owó ọjà àwìn. Jìbìtì ni ìyẹn, haramu sì ni.

Rìsíìtì ni ẹlẹ́rìí wa

Aya tó gùn jù nínú Alukurani, aya 282 nínú Suratul-Bakara, dá lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí. Ibn Abbas, sàábé Ànábì, so ó mọ́ òwò salam, èyí tí a ń san owó rẹ̀ kí ọjà tó dé. Ọ̀pọ̀ ọjà orí ayélujára jọ ọ́: owó ti kúrò lọ́wọ́ wa, ọjà ṣì wà lọ́rùn olùtajà. Rìsíìtì inú ímeèlì ni ìwé àti ẹlẹ́rìí tí a ní.

Ká ní ìyá kan fi àdírẹ́sì ìṣẹ́jú 10 ra jalabia mẹ́ta fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí Iléyá kù ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n gbé èyí tó kéré wá. Ó fẹ́ dá a padà, wọ́n ní kóòdù wà nínú ímeèlì tó fi rajà, àpótí sì ti parẹ́. Bó bá jẹ́ àpótí tí gbogbo ayé lè ṣí ni, àjèjì lè ka àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lórí rìsíìtì, kí ó sì ti ibẹ̀ pààrọ̀ password rẹ̀.

Bí a ó ṣe ṣe é

1. Ẹ fi ímeèlì yín gan-an sílẹ̀ fún báńkì, NIN, BVN, iléèwé, ìwé ìrìnnà àti ètò Haji.

2. Ẹ fún ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ní aṣojú tirẹ̀. Bí lẹ́tà tó ń pe ara rẹ̀ ní báńkì bá gba ọ̀dọ̀ aṣojú tí ẹ fún aláṣọ wọlé, irọ́ ni. Báńkì yín kò mọ aṣojú yẹn. Ẹ má tẹ ohunkóhun níbẹ̀.

3. Ibi tí ẹ kò ti ní sanwó nìkan ni kí ẹ ti lo àlòsọnù, bíi ìkànnì tó ń béèrè ímeèlì kó tó fi iye owó ọjà hàn.

4. Ẹ má ti aṣojú pa kí ọjà tó dé, kí àkókò ìdápadà sì tó kọjá. Ẹ tọ́jú rìsíìtì sórí fóònù.

5. Bí ilé ìtajà bá kọ irú àdírẹ́sì wọ̀nyí, ẹ ṣí ímeèlì kejì fún ọjà nìkan.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni, tí Ààrẹ Bola Ahmed Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023, fún wa ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ilé iṣẹ́ pé kó má fi ìsọfúnni wa polówó ọjà fún wa mọ́.

Síbẹ̀, aṣojú kò bo nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé tí a fún agbọ́jàwálé, kò sì lè gba káàdì ATM tí a kọ sí ìkànnì olè sílẹ̀. Kí a wádìí olùtajà kí a tó sanwó. Kí Ọlọ́hun Ọba ṣọ́ ilé wa, kí Ó sì ṣọ́ owó halali wa. Aamiin.